Ká Tó Fi Iná Kàn Án: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Títún Bọ́ọ̀dù Géèmù Àtijọ́ Ṣe

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda àkókò yín láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ìjókòó. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn géèmù gàgàrà tí a máa ń dúró níwájú wọn, tí a máa ń ju owó ẹyọ sínú wọn kí wọ́n tó jẹ́ ká ṣeré. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa àpótí onígi tó gbé e dúró, n kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa ojú tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù gan-an ni mo ń sọ: pátákó pẹlẹbẹ tí IC (àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ irin tó ń ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀dù) kún ojú rẹ̀, tí wọ́n yọ kúrò nínú àpótí tí wọ́n sì pa tì sí yàrá ẹrù fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, títí eruku àti ọ̀rinrin fi jọba lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò kò ju ẹyọ kan lọ. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tó kú kú tí kò ṣeé jí mọ́, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni wọ́n kú sí. Ẹnìkan á rí bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ á dùn, á gbé iná sí i lójú ẹsẹ̀, ohun tó ku díẹ̀ kó bàjẹ́ á sì bàjẹ́ tán. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú IC ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn láì tíì wọn nǹkan kan. Kó tó kan èyí tó bàjẹ́, ìlà bàbà tó ti fà ya á ti pọ̀ ju àbùkù tó bá níbẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ṣáájú, ìtúnṣe tẹ̀lé e: gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lórí pátákó náà. Nígbà tí Atari gbé Pong jáde ní 1972, èyí tí Allan Alcorn ṣe, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Kò sí ètò tí ẹnikẹ́ni kọ sínú rẹ̀ rárá. IC kéékèèké onírúurú tí a ń pè ní TTL ni wọ́n so pọ̀, bí wọ́n sì ṣe so wọ́n pọ̀ náà ni eré fúnra rẹ̀. Ní 1978 ni Tomohiro Nishikado ní ilé-iṣẹ́ Taito ti Japan ṣe Space Invaders, tí Intel 8080 jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Pac-Man ti Namco dé ní 1980 pẹ̀lú ọpọlọ tó ń jẹ́ Z80, Galaga sì tẹ̀lé e ní 1981 pẹ̀lú Z80 mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn lọ, kọ̀ǹpútà pípé ni bọ́ọ̀dù géèmù: ọpọlọ tó ń ṣírò, ROM tí ètò eré wà nínú rẹ̀, RAM tí ọpọlọ ń kọ nǹkan sí tó sì ń pa á rẹ́, àti ọ̀pọ̀ TTL tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láàárín wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi nírètí lórí bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ju fóònù ọwọ́ wa lọ. Ẹsẹ̀ IC wọn tóbi, ojú lásán ń rí wọn, a lè fi ẹnu wáyà mítà kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká sì mọ ohun tó ń sọ. Púpọ̀ nínú TTL ìdílé 74LS tí wọ́n lò nígbà náà, a ṣì ń rí wọn rà dòní. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó sì ní àwòrán bí wọ́n ṣe so bọ́ọ̀dù náà pọ̀, lè tọpa àbùkù kan láti ojú sikirínì títí dé ẹsẹ̀ IC kan pàtó.

Kí ni àìbìkítà wá ń ṣe sí i? Eruku ò tó nǹkan, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti borí ìyẹn. Ọ̀rinrin burú díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ àwọn IC kan tí wọ́n fi fàdákà bò á di dúdú, á sì di ẹlẹgẹ́ débi pé bí a bá fọwọ́ kàn án lásán, á kán. Ohun tó ń jẹ bọ́ọ̀dù tán, bátìrì ni, n ó sì dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí géèmù má baà gbàgbé ẹni tó gba máàkì jù lọ nígbà tí wọ́n bá paná, àwọn kan nínú wọn ní bátìrì tó ń fún RAM kékeré kan lágbára. Defender ti Williams, tó jáde ní 1981, ń lo bátìrì AA mẹ́ta tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù. Neo Geo MVS tí SNK gbé jáde ní 1990 ní bátìrì oní-nickel àti cadmium, fólítì 3.6, tí wọ́n fi léèdì jó mọ́ ojú bọ́ọ̀dù. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, bátìrì wọ̀nyí á jò. Potassium hydroxide ló ń jáde lára wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ásíìdì, àmọ́ òdìkejì ásíìdì ni. Á wọ abẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó bo bọ́ọ̀dù, á tọ ìlà bàbà lọ, á gun ẹsẹ̀ IC wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá dé, ẹ ó rí èépá aláwọ̀ ewé àti búlúù níbẹ̀.

Nítorí pé òdìkejì ásíìdì ni, ásíìdì tí kò le ló ń pa á. Fínígà funfun la fi ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, títí yóò fi dẹ́kun híhó. Lẹ́yìn náà, omi tó mọ́ tónítóní, nítorí fínígà náà kò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn omi, isopropyl alcohol, kí omi lè gbẹ kúrò lábẹ́ IC kíákíá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan iná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé ojú tí wọ́n rí nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Bí bátìrì bá jò sẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo máa ń tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, nítorí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹ bàbà lọ bí òkè tilẹ̀ ń dán. Ibi tí ọ̀dà aláwọ̀ ewé bá ti wú, a ó ha á títí a ó fi rí bàbà pupa, a ó fi léèdì tuntun bò ó. Bí ìlà bàbà bá ti jẹ tán, wáyà tínínrín kan láti orí dé ìdí ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí lè sọ pé, ó dáa, bọ́ọ̀dù yòówù tó bá bọ́ sọ́wọ́ wa, bátìrì rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fà yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé bátìrì ló mú wọn wà láàyè. Capcom gbé CPS-2 jáde ní 1993, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dí ètò eré tó wà nínú rẹ̀. Inú RAM tí bátìrì ń bọ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Bí bátìrì bá kú, tàbí tí a yọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ náà lọ, ọpọlọ kò sì ní lè ka ètò rẹ̀ mọ́. FD1094, ọpọlọ tí Sega lò lórí àwọn bọ́ọ̀dù rẹ̀ kan náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó jọ èyí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùwádìí rí ọ̀nà tí a fi ń kọ kọ́kọ́rọ́ CPS-2 padà, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń pè ní òkú sì ti jí. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa pa èyí tó ṣì ń mí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ bọ́ọ̀dù tó wà níwájú yín. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀, ẹ wá ìtàn rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì.

Ohun tó kàn, kí iná tó dé, ni kíka ROM. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ibi yìí. TTL ṣeé rà, RAM ṣeé rà, Z80 ṣeé rí. Ètò tó wà nínú ROM nìkan ni ẹnìkan jókòó kọ, bí kò bá sì sí ẹlòmíràn tó tọ́jú rẹ̀, kò sí ọjà tí a ti lè rí i. Púpọ̀ nínú ROM wọ̀nyí jẹ́ EPROM, IC tó ní fèrèsé gíláàsì kékeré lórí. Iná mànàmáná tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ ni ètò náà, ìtànṣán ultraviolet ló sì ń lé e jáde. Ìwé àwọn tó ṣe é sọ pé bí oòrùn bá ń ràn sí fèrèsé yẹn tààrà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lẹ bébà mọ́ ọn lórí. Bí ẹ bá rí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka EPROM wà, a ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn kíyè sí nọ́ńbà IC náà: 2716 gba kìlóbáìtì 2, 2732 gba 4, 2764 gba 8, 2708 àtijọ́ sì ń fẹ́ fólítéèjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè kà á. Ètò Pac-Man látòkè délẹ̀ kò ju kìlóbáìtì 16 lọ, nínú IC mẹ́rin. Bí a bá ti kà á tán, a ó fi wé ohun tó wà nínú MAME, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́. Nicola Salmoria ló bẹ̀rẹ̀ MAME ní 1997, ó sì ti wá di ibi tí àmì ìdánimọ̀ ROM ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù wà, débi pé bí bíìtì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, yóò hàn. Ìgbà mìíràn, ibi yìí ni iṣẹ́ ti ń parí: ROM kan ti ń gbàgbé, a kọ òmíràn, géèmù ń ṣiṣẹ́, a ò sì tíì tan ohun tí a fi ń jó léèdì. Bí ohun tí ẹ kà kò bá bá èyíkéyìí dọ́gba, ẹ tún un kà. Bí ó bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà, IC náà ti ń kú. Àmọ́ bí ó bá ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ ẹ̀dà eré tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà sílẹ̀ rí.

Iná wá kù. Mítà ni yóò ṣáájú rẹ̀: ẹ wọn àárín ojú 5 fólítì àti ìdí ilẹ̀. Bí mítà bá sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, nǹkan ti bíríìjì, ìyẹn ni pé iná ti rí ọ̀nà àbùjá gbà lọ sí ilẹ̀. Kapasítọ̀ tantalum ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì burú láti gbé iná sí. Bí ibẹ̀ bá dára, ẹ wo ìka bàbà tó wà létí bọ́ọ̀dù. Láti 1985 ni ẹgbẹ́ àwọn aṣe-géèmù ní Japan ti fẹnu kò lórí ìlànà JAMMA: ìka 56, méjìdínlọ́gbọ̀n lójú kọ̀ọ̀kan, 5 fólítì ní ipò 3 àti 4, àti àlàfo kékeré ní ipò 7 kí ẹnikẹ́ni má baà kì í bọ̀ ọ́ ní ìdàkejì. Bọ́ọ̀dù tó ṣáájú ìgbà náà, oníkálukú ló ní tirẹ̀. Pac-Man tí Midway tà ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gba 5 fólítì láti ìta. Orí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ti ń sọ iná tó wọlé di 5. Ẹni tó bá so wáyà JAMMA mọ́ irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ó ti ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí iná bá wọlé, orí ẹsẹ̀ IC ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹnu páwápáàkì. TTL 74LS ń fẹ́ 4.75 sí 5.25. Mo ti rí i léraléra pé páwápáàkì ń sọ pé 5 pé, tí IC tó jìnnà jù sì ń gba 4.5, nítorí ìka bàbà tó dọ̀tí. Rọ́bà ìparẹ́ àti alcohol tó fún ìyẹn. Bí RAM irú 4116 bá wà lórí rẹ̀, ẹ rí i dájú pé −5 fólítì wà níbẹ̀ kí +12 tó dé. IC náà ń lo mẹ́ta, +12, +5 àti −5, bí ìkẹyìn yìí bá sì sọnù tí +12 ń wọlé, RAM á jó.

Ó wá kù sọ́wọ́ ọpọlọ, ibí yìí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Kírísítálì tó ń lu àkókò fún bọ́ọ̀dù dà bí ìyá ìlù: bí kò bá dún, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yẹ kó gbẹ́sẹ̀. Lórí Pac-Man, 18.432 megahertz ni kírísítálì, wọ́n sì pín in sí mẹ́fà kó tó dé ẹsẹ̀ 6 Z80 ní 3.072. Bí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, kò bá rí i níbẹ̀, ẹ má wá ibòmíràn lọ, ẹ tọpa rẹ̀ padà sí kírísítálì. Bí ó bá wà, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ 26, ibi tí wọ́n ti ń sọ fún Z80 pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lókè ní ìdúróṣinṣin. Bí ó bá ń wálẹ̀, tó ń gòkè, tó tún ń wálẹ̀ ní déédéé, watchdog ló ń ṣe é.

Watchdog jẹ́ kàǹtà kan tó ń ka àwòrán sikirínì bí wọ́n ṣe ń jáde. Lórí Pac-Man, bí ètò kò bá dá a padà sí òdo kó tó ka 16, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà pé ètò ti sọnù, yóò sì tún ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ 26 bá ń ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ ń banú jẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni lójú tèmi. Ó ń sọ fún wa pé iná wà, ìlù ń dún, ọpọlọ sì lè máa gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ ni kò já gaara. A ó mú logic probe, ohun èlò tí iná rẹ̀ ń tàn láti sọ bóyá ẹsẹ̀ kan wà lókè tàbí nílẹ̀, a ó fi kan ẹsẹ̀ àdírẹ́ẹ̀sì àti ti dátà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló yẹ kó máa yí láàárín òkè àti ilẹ̀. Nínú TTL, ohun tí kò tó 0.8 fólítì ni ilẹ̀, ohun tó ju 2.0 lọ ni òkè. Ẹsẹ̀ tó bá dúró gbagidi sójú kan, tàbí tó léfòó láàárín méjèèjì tí iná probe kankan kò tàn, ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà lọ.

Ẹ má ṣe sáré yọ IC tó wà nídìí ìlà náà. IC tó ń sọ̀rọ̀ sórí ìlà kan lè dá ṣáṣá kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ ló fà á mọ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń wọ inú IC tó ń gbé ọ̀rọ̀ sórí ìlà náà, bí 74LS245, ẹ wo ohun tó ń jáde. Bí ìwọlé bá ń yí tí ìjáde kò yí, ó kù kí ẹ mọ̀ bóyá òun ni tàbí aládùúgbò rẹ̀. Ibí ni àwòrán ìsopọ̀ ti wúlò jù. Atari máa ń fi àwòrán tó kún fọ́fọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, títí di òní sì ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yà wọ́n.

Bí àwòrán bá ti ń hàn lójú sikirínì, àbùkù ti ń sọ ara rẹ̀. Ìlà tó dúró ṣánṣán ní àlàfo kan náà káàkiri sábà máa ń túmọ̀ sí bíìtì kan tó ti há nínú RAM fídíò. Bí ẹ̀yìn bá mọ́ tí àwọn ẹ̀dá tó ń rìn sì fọ́ yángá, ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, apá tó ń ya àwọn ẹ̀dá ni kí ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ń yẹ RAM àti ROM ara rẹ̀ wò nígbà tí iná bá dé. Bí ẹ bá fura sí RAM kan, irú 2114, ẹ lè gbé òmíràn tó dára lé e lórí, kí ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ mu. Bí àwòrán bá yí padà, ẹ ti rí nǹkan dìmú. Ọgbọ́n yìí kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́: IC tó fa ìlà mọ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kí ti òkè rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá wá dájú, gé ẹsẹ̀ IC náà gbogbo, kí o fi ara rẹ̀ sọ nù, kí o wá yọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú léèdì yíyọ́. IC tó ti bàjẹ́ kò níye lórí mọ́. Ihò bàbà ló níye lórí. Fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ihò roboto sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ má baà jó ibẹ̀ mọ́.

Àwọn IC kan wà tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún ara wọn nìkan, Namco ní púpọ̀ irú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣe wọ́n mọ́. A lè yọ ọ́ lára bọ́ọ̀dù tó ti kú, tàbí ká lo àfarawé tí wọ́n fi FPGA ṣe, ìyẹn IC tí a lè ṣètò inú rẹ̀ bí a bá ṣe fẹ́. Àwọn kan ní bọ́ọ̀dù tó ní àfarawé kì í ṣe ojúlówó mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣeré pẹ̀lú IC tuntun kan ń kọ́ àwọn èwe ní ohun tí èyí tó sùn nínú àpò kò lè kọ́ wọn láé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má ju IC àtijọ́ náà nù. Ẹ fi í sínú àpò kékeré, ẹ so ó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Bí géèmù bá ti jí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, nítorí àbùkù kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí IC bá gbóná ló ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ipò IC tí ẹ pààrọ̀, fólítéèjì tí ẹ wọ̀n, wáyà tí ẹ fi kún un àti ibi tó ti wá dé ibi tó lọ, àti àmì ìdánimọ̀ ROM rẹ̀. Ẹ ká bébà náà, ẹ fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú IC àtijọ́, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ROM tí ẹ kà. Ẹni tí yóò ṣí bọ́ọ̀dù yẹn ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n òní kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 6.